Kí o tó sọ ara rẹ ní Tóònì

Ìlorà,
Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Àjàní ọmọ mi,

Ara wa le. Ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé ti ń yọ ewé, ẹsẹ̀ tó ń dùn mí sì ti fara mọ́ òróró tí o fi ránṣẹ́. Mo sọ èyí ṣáájú kí àyà rẹ má bàa já nígbà tí o bá rí bí ìwé yìí ṣe gùn tó. Kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn. Orúkọ rẹ, Gbọ́láhàn tí bàbá rẹ sọ ọ́, ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Nígbà tí o pè mí láti òkè òkun lọ́jọ́ Àìkú, o ti kí mi tán, o ti béèrè gbogbo ará ilé tán, kí o tó wá fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ pé, “Màámi, ilé ìwòsàn tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fẹ́ ṣe káàdì tuntun tí àwa nọ́ọ̀sì máa fi kọ́ àyà. Wọ́n ní kí kálukú kọ orúkọ tó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun. Ọ̀sẹ̀ kan sí ọ̀la, lọ́jọ́ Ajé, ni wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù. Mo fẹ́ kọ Tóònì. Ẹ ò ní bínú, àbí?”

Mo ní, “Ta ló ń jẹ́ Tóònì?”

O ní, “Èmi náà ni, Màámi.”

Mo rẹ́rìn-ín, ìwọ náà rẹ́rìn-ín, n kò sì dá ọ lóhùn. Ìdáhùn rẹ rèé, ó pẹ́ díẹ̀ ni; màá ní kí wọ́n ya ìwé náà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, kó lè bá ọ kí ọjọ́ Ajé tó dé.

O ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe pé ojú orúkọ rẹ ń tì ọ́. O ní ọ̀gá yín, òyìnbó obìnrin pẹ̀lẹ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ níṣẹ́ láti ìgbà tí o ti dé, kì í pè ọ́ rárá. Bó bá ń pín iṣẹ́ láàárọ̀, a pe tibí, a pe tọ̀hún, tó bá dé orí ìwọ, a nàka. Nígbà tí o bi í léèrè, ó ní òun kò fẹ́ ba orúkọ rẹ jẹ́ ni. O wá sọ ohun kan tí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà: “Màámi, ó sàn kí wọ́n fi orúkọ tí kì í ṣe tèmi pè mí ju kí wọ́n má pè mí rárá lọ.”

N kò lè fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́yìn. Mo mọ ohun tí òbí máa ń sọ nírú àkókò yìí, pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà. Èmi náà sọ ọ́ fún ọmọ ilé ìwé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àmọ́ òwe náà kò sọ ohun tí èèyàn máa ṣe bí ahọ́n àwọn tí ó ń bá ṣiṣẹ́ kò bá gba orúkọ rere náà. Nítorí náà, n kò ní fi òwe nà ọ́. Àṣìṣe tèmi méjì ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Mo ti wá wọn jáde nínú àwọn ìwé àkọsílẹ̀ mi àtijọ́, n kò sì tíì sọ wọ́n fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọmọ.

Èkíní. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, tíṣà tuntun ní Fìdítì tí wọ́n ti bí mi, nígbà tí òyìnbó obìnrin kan wá bá wa kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún kan. Rúùtù ni a ń pè é. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, ọjọ́ orí wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Wọ́n ní kí àwa méjèèjì jọ mú kíláàsì kan.

Láràárọ̀ ló ń pe orúkọ àwọn ọmọ láti inú rẹ́jísítà, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ rí bí ẹni tí wọ́n bí sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń ṣe bó bá pàdé orúkọ tí kò mọ̀. Yóò kọ́kọ́ dákẹ́. Yóò gbé ìwé súnmọ́ ojú, bí ẹni pé ojú ni kò ríran. Yóò ti tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọmọ náà kí ó tó ṣẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò wá mú ibì kan nínú orúkọ, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi, yóò sì gbé ìyókù mì. Èdè wọn ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ gígùn tiwọn, ibì kan ṣoṣo ni ọba, ìránṣẹ́ ni ìyókù. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ló ní ohùn, kò sí èyí tí a lè ní kó dákẹ́. Bó bá wá kan Àgbékẹ́, ọmọbìnrin kan tó ń jókòó níwájú, yóò ya gí àti bí sọ́tọ̀, yóò ki nǹkan bọ àárín wọn, bí ẹni tó ń fi pákó dá afárá sórí omi tí ẹsẹ̀ lásán lè là kọjá. Àwọn ọmọ a bú sẹ́rìn-ín.

Mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni. Lọ́jọ́ kan tó pẹ́ kó tó dé, mo mú rẹ́jísítà, mo fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo orúkọ tó le, mo sì kọ òmíràn síbẹ̀. Àgbékẹ́ di Ágínẹ́ẹ̀sì. Ògúngbèmí di Jọ́ọ̀jì. Ọmọ mọ́kànlá ni mo sọ lórúkọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, láìsí omi, láìsí iyọ̀, láìsí oyin. Inú àwọn ọmọ náà dùn, wọ́n rò pé wọ́n gbé àwọn ga ni.

Ní ọjọ́ kẹta ni bàbá Àgbékẹ́ dé. Àgbẹ̀ ọlọ́sàn ni. Àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ oko ló ń lọ, kò bá tìjà wá. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà.”

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ wọlé, sà.”

“N ò wọlé. Ọmọ mi ló délé tó ní òun ti ń jẹ́ nǹkan kan. Èmi ò lè pe nǹkan ọ̀hún, ìyá rẹ̀ ò lè pè é. Mo ní kí n wá bi yín: ta ló bá wa kó ọmọ jáde?”

“Ẹ má bínú, sà. Nítorí òyìnbó ni.”

Ó wo Rúùtù tó ti dìde nídìí tábìlì. “Òun ló ní òun ò lè pè é?”

Mo ti la ẹnu kí n dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà náà ni mo rántí pé kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó bi mí ohun tí bàbá náà wí. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ojú rẹ̀ sì pọ́n kankan. Ó fa ìwé kékeré kan yọ nínú báàgì. Gbogbo orúkọ kíláàsì wa ló wà nínú rẹ̀. Ó ti gé wọn sí wẹ́wẹ́ lọ́nà tirẹ̀, ó ti ya ọfà sí ibi tí ohùn ti ń gòkè àti ibi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ti ń fi kọ́ ara rẹ̀ nílé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kọjú sí bàbá náà, ó mí kanlẹ̀, ó pe Àgbékẹ́. Kò dára. Ó tún un pè. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá náà sì mi orí.

“Ó kù díẹ̀,” ló wí, “àmọ́ ọmọ mi ló ń pè.”

Ó gbé àdá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo fi rọ́bà pa orúkọ mọ́kànlá náà rẹ́.

Gbólóhùn bàbá yẹn ni kí o mú, ọmọ mi, kí o fi sápò. Má ṣe bá èèyàn gba ìjákulẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì gbà. Ọ̀gá rẹ kò sọ pé òun kò lè pè ọ́, ẹ̀rù ló ń bà á pé òun á bà á jẹ́. Ṣé o ti jókòó tì í rí, kí o pe Gbọ́láhàn fún un díẹ̀díẹ̀, kí ó wo ẹnu rẹ bí ètè àti ọ̀fun ṣe ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà? Má ṣe é nígbà tí aláìsàn ń ké o. Ṣe é nígbà tí ẹ bá ń mu tíì. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Kí o sì sọ fún un pé ó lè ṣì í pè, pé kò sí ẹni tó ń kú nítorí pé wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ pè. Bó bá dé ibi “ó kù díẹ̀,” gbà á. Má ṣe béèrè ẹnu Ìlorà lọ́wọ́ ẹni tí kò mu omi Ìlorà dàgbà. Mo kà á níbì kan pé láti kékeré ni etí ọmọ ti máa ń yan ìró tí yóò máa gbọ́, pé èyí tó bá fi sílẹ̀, ó ṣòro kó tó padà mú un. Bóyá òótọ́ ni. Ìyẹn ni pé bí ahọ́n kò bá gbà, kì í ṣe ìwàkiwà; ahọ́n kò níwà, èèyàn ló níwà.

Ibi tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ tí Rúùtù dé, ó sọ orúkọ rẹ̀ fún wa. Ó fi ṣóńṣó ahọ́n sáàárín eyín níparí rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn pẹ̀lẹ́. Èmi ni mo fò dìde pé, “Ẹ ẹ̀, Rúùtù! Orúkọ yín wà nínú Bíbélì wa. A ti mọ̀ ọ́n pè kí ẹ tó dé.” Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ó sì ń jẹ́ Rúùtù fún odidi ọdún kan. Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo sìn ín dé etí títì níbi tó ti máa wọ mọ́tò. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Bá mi pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí màmá mi ṣe máa ń pè é. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ.” Ó fi ahọ́n hàn mí láàárín eyín kí n lè rí i.

Mo ní, “Àwa kì í yọ ahọ́n síta níwájú èèyàn o! Àfi ẹni tó bá fẹ́ bú àgbà.”

Àwọn tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó wọ mọ́tò. Ìwé àkọsílẹ̀ mi ọjọ́ náà wà níwájú mi báyìí. Ohun tí mo kọ ni: “Rúùtù lọ lónìí. Ó rẹ́rìn-ín.” N kò mọ̀ mọ́ bóyá ẹ̀rín ni. Ẹni tó kọ orúkọ gbogbo wa sínú ìwé, a kò gbìyànjú tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bi ọ́ léèrè. O sọ fún mi lóṣù tó kọjá nípa obìnrin ará Pólándì tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. O ní orúkọ rẹ̀ dà bí ìdì igi ẹlẹ́gùn-ún, o kò mọ ibi téèyàn ti ń dì í mú, o sì ti sọ ọ́ ní Ìyá Pólándì. A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣé o ti ní kó kọ́ ọ?

Èkejì. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ bàbá rẹ, mo sì di ìyàwó ilé ní Ìlorà. O mọ àṣà wa: ọmọ tí wọ́n ti bí sílé kí ìyàwó tó dé, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, ìyàwó kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Ó gbọ́dọ̀ wá orúkọ tirẹ̀ tí yóò máa pè é. Lójú èmi akọ̀wé, ti ayé àtijọ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mo pariwo láti ẹ̀yìnkùlé pé, “Mórẹ́nikẹ́, bá mi gbé garawa wá!” Àbúrò bàbá rẹ obìnrin ni, kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ.

Àwọn ìyálé mi ń bó ẹ̀gẹ́ lágbàlá. Ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ láìgbé ojú kúrò lára ẹ̀gẹ́ tó ń bó.

“Ìyàwó, ìgbà wo lo bí i?”

Èkejì rẹ̀ ní, “Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Bóyá ní Fìdítì, ìyàwó ló máa ń dé ṣáájú ọmọ ilé.”

Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Wọ́n ní ó dáa, kí n wá orúkọ tí mo máa pè é. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán kíá, mo ní, “Kúkúrú ni màá máa pè é,” nítorí ọmọ náà kò ga. Àwọn ìyálé mi rẹ́rìn-ín. Ìyá bàbá rẹ, Ìyá Àgbà, kò rẹ́rìn-ín.

“Kúkúrú wo? Ojú tí o fi wò ó nìyẹn? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní ti ìyàwó, ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń wò. Lọ wò ó. Bí o bá rí i tán, kí o wá pè é.”

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni n kò ní ohun tí mo máa pe ọmọ náà. Bí mo bá nílò rẹ̀, mo máa ń pàtẹ́wọ́ ni. Rántí èyí bí ọ̀gá rẹ bá tún nàka sí ọ.

Lásìkò náà, bí mo bá jí, mo máa ń bá àmù omi mi ní kíkún. Mo rò pé ìyálé mi kan ló ń ṣàánú mi. Lọ́jọ́ kan, mo tètè jí, mo rí Mórẹ́nikẹ́ tó ń ti ìdí kànga bọ̀, garawa lórí, ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Àmù mi ló kọ́kọ́ dà á sí, kó tó lọ pọn ti ìyá rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ìyàwó tuntun ọ̀lẹ ni. Kò sọ fún ẹnì kan. Lẹ́yìn tí mo ti pè é lórúkọ láìtọ́ tán ló ń pọnmi fún mi.

Mo kúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo pè é ní Ajípọnmi. Ó bojú, ó rẹ́rìn-ín. Àǹtí Ajípọnmi rẹ nìyẹn. Mo gbà pé títí di òní, o kò mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn.

Ṣé o wá rí i pé n kò lè sọ pé orúkọ tuntun burú? Ilé tiwa kún fún un. Àmọ́ nílé wa, ẹni tó fẹ́ pe èèyàn ló ń wá orúkọ, lẹ́yìn tó bá ti wò ó títí. Ẹni tí wọ́n fẹ́ pè kì í sáré wá a fún wọn. Tóònì tí o mú yìí, ta ló wò ọ́ kó tó rí i? Kúkúrú ni, ọmọ mi. Ìwọ lo fi í pe ara rẹ.

O lè ní, “Màámi, ilé ìwòsàn kì í ṣe agbo ilé.” Òótọ́ ni. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mo sì ń ṣiyèméjì. Ìwọ lo wà láàárín wọn, èmi kọ́. Jíjókòó sí Ìlorà ká máa sọ fún ẹni tó wà lókè òkun pé kó ní sùúrù, ó rọrùn. Nítorí náà, lánàá, mo wọ mọ́tò lọ sí Fìdítì níbi tí Àǹtí rẹ fẹ́ ọkọ sí, kí n lè bi ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Mo bi í bóyá orúkọ tirẹ̀ gan-an wù ú gbọ́ rí ní gbogbo ìgbà tí àwa ìyàwó ń pè é ní Ajípọnmi.

“Ìyàwó mi,” ló wí. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jù ú lọ, ìyàwó rẹ̀ náà ni mí títí láé. “Ṣé nítorí èyí lo ṣe wọ mọ́tò? Mórẹ́nikẹ́ wà níbẹ̀, kò lọ síbì kan. Bàbá mi pè é, ìyá mi pè é, ó wà nínú ìwé ìrìbọmi. Àmọ́ àwọn tó sọ mí ní Mórẹ́nikẹ́, wọn ò tíì mọ ẹni tí mo máa dà. Ìwọ mọ̀ mí kí o tó pè mí.”

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Tóònì fún un. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, “Sọ fún Àjàní kó gbé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ àyà. Bí wọ́n bá wò ó títí, tí wọ́n rí i pé ẹlẹ́rìn-ín tó ń tu aláìsàn nínú ni, kí wọ́n máa pè é ní Afẹ̀ríntunilára.”

Mo ní, “Ṣé ìyẹn ni òyìnbó á lè pè?”

Ó ní, “Wọ́n á sáré padà sí Gbọ́láhàn!”

Ohun tí mo fẹ́ nìyí, kí o má bàa máa wá a láàárín ìlà. Kọ Gbọ́láhàn sínú fọ́ọ̀mù yẹn lọ́jọ́ Ajé. Jókòó ti ọ̀gá rẹ, kí o pè é fún un. Bí ọjọ́ bá gorí ọjọ́, tí ọ̀kan nínú wọn, lẹ́yìn tó ti wò ọ́ títí, bá rí orúkọ tó rọrùn fún un lẹ́nu tó sì bá ọ mu, jẹ́ ẹ. N kò ní bínú. Gbé fóònù fún ẹni náà kí n kí i kú iṣẹ́ ìyàwó ilé. Àmọ́ ìwọ lo máa mú kálàmù, kì í ṣe èmi. N kò tíì sọ fún bàbá rẹ. Ó wà lóko, mo sì fẹ́ kó jẹ́ ẹnu rẹ ni yóò ti gbọ́ ọ, èyíkéyìí tí o bá kọ. Ní tèmi, Àjàní ni mo ń fi rẹ̀ ọ́ lẹ́kún láti kékeré, Àjàní ni màá sì máa pè ọ́.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún ara mi. Láti ọjọ́ Àìkú, bí bàbá rẹ bá ti lọ sóko, mo máa ń dúró níwájú dígí, màá fi ahọ́n sáàárín eyín, màá fẹ́ atẹ́gùn. Eyín iwájú mi tó ti yọ kò jẹ́ kó rọrùn. Láàárọ̀ yìí ó dà bí ẹni pé mo rí i mú, àmọ́ kò sí ẹni tí màá bi. Bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Rúùtù, ìbáà ṣe nọ́ọ̀sì, ìbáà ṣe aláìsàn, lọ bá a. Ní kó pe orúkọ rẹ̀ fún ọ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń pè é. Kí o pè é padà fún un, kí o tún un pè, títí yóò fi sọ pé òun ni ò ń pè.

Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, sọ fún un pé ará Fìdítì kan ló ní kí o bá òun pè é.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fọlákẹ́,
tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Ìyàwó Tíṣà.